Máàpù Tó Ń Fèsì: Wíwá Ibi Ìtọ́jú ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ni ilẹ̀ Rẹ́mọ pín sí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí: Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́, àti Àríwá Rẹ́mọ tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Ìṣarà. Nígbà ètò ìkànìyàn ọdún 2006, èyí tí Nàìjíríà ṣe kẹ́yìn, àwọn tí a kà ní Ṣàgámù lé ní 250,000, ti Ìkẹ́nnẹ́ súnmọ́ 119,000, ti Àríwá Rẹ́mọ sì tó bí 60,000. Fún agbègbè tí kò fẹ̀ jù báyìí lọ, ilé ìtọ́jú tó wà níbẹ̀ kò kéré. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo, tí a dá sílẹ̀ ní 1986 tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí OOUTH, wà ní Ṣàgámù. Ti Yunifásítì Babcock, tí ìjọ Adventist ni ín, wà ní Ìlíṣàn, ọ̀nà tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò sì jìn. Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí ni ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀, àwọn ilé ìlera alábọ́dé ti wọ́ọ̀dù, ilé ìwòsàn aládàáni, ilé àbíyè àwọn ìjọ, àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti àwọn kẹ́míìsì tó wà káàkiri àdúgbò, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ ń wá oògùn ibà kí wọ́n tó ronú kan dókítà rárá.

Síbẹ̀, pé ìtọ́jú wà nítòsí kò ní kí ẹni tó nílò rẹ̀ mọ ibi tí yóò gbà dé ìdí rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára aboyún kan ní Ògèrè lóru, àwọn tó gbé e dání kò ní í béèrè iye ilé ìwòsàn tó wà ní Rẹ́mọ. Wọn yóò béèrè èyí tí dókítà tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ wà níbẹ̀ ní wákàtí náà gan-an, tí ẹ̀jẹ̀ tí a lè fà síni lára wà nílẹ̀, tí ọkọ̀ tó ti dí ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kò sì ní dá wọn dúró kí wọ́n tó dé. Ibi tí nǹkan wà, ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àti ìgbà tí wọ́n ń ṣe é ni ìbéèrè wọ̀nyí dá lé. Máàpù tí a tẹ̀ sórí bébà lè dáhùn ti àkọ́kọ́, ó sì lè fi ọwọ́ ba ìkejì díẹ̀, ṣùgbọ́n ìkẹta kọjá agbára rẹ̀, nítorí pé bébà kò mọ̀ pé agbẹ̀bí ti lọ fún ìsinmi ọlọ́dọọdún tàbí pé fíríìjì tí wọ́n ń kó àjẹsára sí ti bàjẹ́ láti ọjọ́ kẹta. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ìlera àwùjọ fi ń kọ́ máàpù tó ń fèsì, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tí olùlò lè bi ní ìbéèrè, tí yóò sì fún un ní ìdáhùn tó bá ìbéèrè náà mu.

Lílo máàpù fún ọ̀rọ̀ àìsàn ti pẹ́ ju kọ̀ǹpútà lọ. Ní ọdún 1854, nígbà tí àrùn onígbáméjì ń pa àwọn ará àdúgbò Soho nílùú London, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ John Snow ń tọ àwọn ilé tí ènìyàn ti kú lọ, ó ń wádìí ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, títí tí gbogbo ọ̀rọ̀ fi dá lórí ẹ̀rọ omi kan ní òpópónà Broad Street, tí àwọn aláṣẹ àdúgbò sì yọ ọwọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Máàpù olókìkí tí Snow yà, tó fi ìlà dúdú kékeré ṣàmì sí ẹni kọ̀ọ̀kan tó kú, jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà ni, bí ọ̀pọ̀ ìwé tilẹ̀ ń sọ ìtàn náà bí ẹni pé máàpù ló kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni Snow fi wá òótọ́ kí ó tó fi gègé yà á. Ẹni tó sì parí iṣẹ́ náà ni Henry Whitehead, àlùfáà ìjọ àdúgbò náà, tí kò kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ Snow gbọ́, ṣùgbọ́n tó mọ àwọn ìdílé ibẹ̀ débi pé òun ló rí ilé tí ọmọ ọwọ́ kan ti ṣàìsàn kí àjàkálẹ̀ náà tó bẹ́ sílẹ̀, ilé tí ihò ẹlẹ́gbin rẹ̀ kò jìnnà sí kànga ẹ̀rọ náà. Láti ìgbà náà wá, kò sí máàpù ìlera tó ṣe ènìyàn lóore tí kò ní irú èèyàn méjì yìí nínú: ẹni tó mọ ìṣirò àti ẹni tó mọ ojúlé.

Bí máàpù tó ń fèsì ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni àwòrán ilẹ̀ lásán wà, pẹ̀lú títì, odò àti ilé. Lórí rẹ̀ ni a to àwọn ìpele sí, bí ìgbà tí ènìyàn bá to gíláàsì tí a ya àwòrán sí lára lé ara wọn: ìpele kan fún ilé ìlera ìjọba, ọ̀kan fún ilé ìwòsàn aládàáni, ọ̀kan fún ààlà wọ́ọ̀dù, ọ̀kan fún iye ènìyàn, ọ̀kan fún ibi tí omi mímu ti ń ya. Olùlò lè tan ìpele kan, kí ó pa òmíràn. Bí ó bá tẹ àmì kan, ìwé kékeré kan yóò ṣí tí a kọ orúkọ ibùdó náà sí, ẹni tó ni ín, ohun tí wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, wákàtí tí wọ́n ń ṣí àti iye tí wọ́n ń gbà. Fún agbègbè tí dátà ti wọ́n, ó dára kí a mọ̀ pé fóònù kì í gbé gbogbo máàpù ayé wọlé lẹ́ẹ̀kan náà: a ti gé àwòrán náà sí ègé onígun mẹ́rin kéékèèké, fóònù sì ń bu àwọn ègé tí ojú ń wò nìkan. Nígbà tí a bá wo gbogbo ayé láti òkèèrè, ègé kan ṣoṣo ni. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí a bá gbé súnmọ́ ilẹ̀ máa ń sọ ègé kan di mẹ́rin. Èyí ló mú kí ó ṣeé ṣe láti gbé àwọn ègé tó bo ilẹ̀ Rẹ́mọ nìkan pa mọ́ sínú fóònù nọ́ọ̀sì kan ní Ìpara, kí ó lè máa lò ó lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ.

Kí ilé ìlera kan tó lè hàn lórí rẹ̀, nọ́ńbà méjì péré ni kọ̀ǹpútà nílò. Ọ̀kan, tí a ń pè ní látítúùdù, sọ bí ibẹ̀ ti jìnnà tó sí ìlà agbedeméjì ayé, yálà sí àríwá tàbí sí gúúsù. Èkejì, tí a ń pè ní lọ́ńgítúùdù, sọ bí ó ti jìnnà tó sí ìlà tó gba Greenwich kọjá ní London, yálà sí ìlà-oòrùn tàbí sí ìwọ̀-oòrùn. Fóònù olówó pọ́ọ́kú lè mú méjèèjì wá, nítorí pé ó ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì tó ń yí ayé po, bí ó bá sì ti gbọ́ ohùn mẹ́rin nínú wọn, yóò ṣírò ibi tó wà. Ṣàgámù wà ní nǹkan bí 6.84 sí àríwá àti 3.65 sí ìlà-oòrùn. Dígíríì kan gùn tó nǹkan bí kìlómítà 111 lórí ilẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá kọ nọ́ńbà méjì péré sẹ́yìn àmì ìdá, irú 6.84, lè fi ilé ìlera kan sí ibi tó fi ìdajì kìlómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jìnnà sí ipò rẹ̀ gan-an, èyí tó tó láti gbé e kúrò ní àdúgbò Màkún ní Ṣàgámù bọ́ sí àdúgbò mìíràn. Bí ó bá kọ nọ́ńbà mẹ́rin sẹ́yìn àmì náà, àṣìṣe ìkọ̀wé yẹn kò ní tó mítà 11.

Àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀ ju gbogbo èyí lọ, òun ni kí akọ̀wé fi nọ́ńbà kìíní sí àyè ìkejì. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ṣàgámù, 3.65 yóò di ti àríwá, 6.84 yóò di ti ìlà-oòrùn, ilé ìlera tí àwọn ìyá ń gbé ọmọ lọ fún àjẹsára yóò sì bá ara rẹ̀ lójú òkun Àtìláńtíìkì, ní gúúsù etíkun Niger Delta. Bí ó bá fi àyè méjèèjì sílẹ̀ lófo, ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà yóò kà wọ́n sí òdo àti òdo, ibi tí ìyẹn náà sì bọ́ sí jẹ́ inú òkun, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Gánà. Àṣìṣe òkun kò ṣòro láti rí. Kí a pàṣẹ fún ètò náà pé kí ó má gba nọ́ńbà èyíkéyìí tó bá bọ́ síta ààlà wọ́ọ̀dù tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ti tán. Èyí tó le ni ti òṣìṣẹ́ tó jókòó sí sẹkitéríàtì tó fi ń kọ fọ́ọ̀mù ilé ìlera mẹ́wàá, tí fóònù rẹ̀ sì ń fi òótọ́ inú sọ fún un pé sẹkitéríàtì ni gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹni tí kò bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ìlera náà kò yẹ kí ó ṣàmì sí i.

Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́wọ́ àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Kí ó tó di nǹkan bí ọdún 2012, máàpù tí a fi ọwọ́ yà ni àwọn tó ń kán àjẹsára sí ọmọdé lẹ́nu ní àwọn ìpínlẹ̀ àríwá ń tẹ̀lé, abúlé tí ẹni tó ya máàpù kò bá sì mọ̀ ti di abúlé tí kò sí. Nígbà tí wọ́n wo ilẹ̀ láti ojú sátẹ́láìtì, wọ́n rí àwọn ibùgbé tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Wọ́n sì fún àwọn òṣìṣẹ́ ní fóònù tó ń ṣàkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n rìn dé, kí ó lè hàn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ibi tí wọ́n fò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni a kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀yà ìpilẹ̀ṣẹ̀ kòkòrò àrùn náà. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni ètò tí a ń pè ní GRID3 ti jẹ yọ, tí àjọ Gates àti ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náwó sí, tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Southampton àti Yunifásítì Columbia, pẹ̀lú àjọ UNFPA àti Flowminder, sì bá Nàìjíríà ṣe, èyí tó kó ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, ọjà àti ibùgbé orílẹ̀-èdè yìí jọ sórí máàpù, tó sì ń fi òrùlé tí sátẹ́láìtì rí ṣírò iye ènìyàn.

Iye ènìyàn yìí kì í ṣe ohun tí máàpù ìlera lè fò. Bí a bá fẹ́ mọ ìdá àwọn ọmọ tó ti gba àjẹsára ní wọ́ọ̀dù kan, a ó pín iye ọmọ tí a fún ní àjẹsára sí iye ọmọ tó yẹ kó gbà á, ìyẹn iye tó wà nísàlẹ̀ ìdá. Ìkànìyàn 2006 ni a ṣì ń gbé iye ìsàlẹ̀ yìí kà, tí a ń fi ìṣirò sún un síwájú lọ́dọọdún; ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ ti pọ̀ sí i ní Ṣàgámù, Ṣìmáwà àti Ògìjó láti ìgbà náà, àwọn tí owó ilé Èkó lé jáde sì ti wá kọ́lé síbẹ̀. Níbi tí ìlú bá ti dàgbà ju ìṣirò lọ, ìdá tó jáde a máa ju 100 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bí ẹni pé a fún ọmọ tí a kò bí ní àjẹsára. Òṣìṣẹ́ tó rí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lè rò pé iṣẹ́ ti parí ní wọ́ọ̀dù náà, nígbà tí ó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ tí a kò kà pọ̀ sí.

Ìṣòro orúkọ náà wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò ìlera ní àkọsílẹ̀ gbogbo ilé ìwòsàn orílẹ̀-èdè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀. Àwọn ilé ìlera sì ń kọ iye aláìsàn, ìbímọ àti àjẹsára wọn sí fọ́ọ̀mù olóṣooṣù, tí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ń gbé wọ inú DHIS2, ètò kọ̀ǹpútà tí Yunifásítì Oslo ní Norway ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Áfíríkà ń lò. Bí ilé ìlera kan bá wà nínú ìwé kan pẹ̀lú orúkọ Ilisan, tó wà nínú òmíràn pẹ̀lú Ilishan-Remo, tó sì wà nínú ìkẹta pẹ̀lú orúkọ àdúgbò tó dúró sí, kọ̀ǹpútà yóò kà á sí ilé ìlera mẹ́ta. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ nìkan ló lè so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ó sì yẹ kí ẹni tó tẹ Ikenne láìsí àmì kankan rí ohun kan náà tí ẹni tó tẹ Ìkẹ́nnẹ́ rí, nítorí pé pátákó ìtẹ̀wé ọ̀pọ̀ fóònù kò ní àmì ohùn, ẹni tí ara ń ni kò sì ní àyè láti wá a.

Ààlà tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, pàápàá ní Ṣàgámù, ìlú tí ìlú mẹ́tàlá para pọ̀ dá sílẹ̀ ní 1872, tí Òfin, Màkún, Ìjọkù àti Ṣónyìndó wà lára wọn. Ará Ṣàgámù mọ ibi tí Màkún parí sí, ṣùgbọ́n ààlà wọ́ọ̀dù ìdìbò kò tẹ̀lé ìmọ̀ yẹn dandan, ààlà wọ́ọ̀dù sì ni ètò ìlera ń lò. Wọ́ọ̀dù 35 ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 15 ní Ṣàgámù, 10 ní Ìkẹ́nnẹ́, 10 ní Àríwá Rẹ́mọ, ìlànà ìjọba àpapọ̀ sì ni pé kí ilé ìlera alábọ́dé kan tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ya owó sọ́tọ̀ fún. Máàpù tó bá wúlò gbọ́dọ̀ gbé ààlà méjèèjì: ti wọ́ọ̀dù fún òṣìṣẹ́, ti àdúgbò fún ará ìlú tó ń béèrè ọ̀nà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ máàpù ìlera ti ń kùnà ni pé wọ́n ń fi ilé hàn bí ẹni pé ilé ló ń tọ́jú ènìyàn. Àwọn onímọ̀ ìbímọ ti gbà lórí ohun mẹ́sàn-án tí ibùdó kan gbọ́dọ̀ lè ṣe kí a tó lè sọ pé ó ní ìtọ́jú pàjáwìrì kíkún fún aboyún. Méje nínú wọn ni a ń retí ní ibùdó kékeré, lára wọn ni abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ, oògùn fún gìrì aboyún, fífi ọwọ́ yọ ibi ọmọ tó kọ̀ tí kò bọ́, àti mímú ọmọ tuntun tí kò mí mí. Méjì tó kù, iṣẹ́ abẹ ìbímọ àti ìfàjẹ̀sínilára, ni ti ilé ìwòsàn ńlá. Ìwádìí orílẹ̀-èdè tí a ṣe ní 2018 ṣírò pé nínú ìbímọ alààyè 100,000 ní Nàìjíríà, aboyún àti ìyá ìkókó 512 ló ń kú, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn ìbímọ sì lè gba ẹ̀mí láàárín wákàtí méjì. Nítorí náà, àmì kan lórí máàpù tó kàn sọ pé “ilé ìwòsàn” lè pa ènìyàn bí kò bá sọ èwo nínú mẹ́sàn-án náà ló wà níbẹ̀ lálẹ́. Pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà lè kọ wákàtí 24 sára, kí ó sì jẹ́ pé ọlọ́dẹ nìkan ló ń sùn síbẹ̀.

Àkókò ìrìn ni ìdiwọ̀n tó tọ̀nà ju jíjìnnà lọ. Ní Èkó, ìlú tó bá Rẹ́mọ pààlà, àwọn onímọ̀ tí Aduragbemi Banke-Thomas ṣáájú wọn ti fi iṣẹ́ tí wọ́n pè ní OnTIME fi èyí hàn kedere. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ ìwé àwọn aboyún tó dé ilé ìwòsàn ìjọba nínú pàjáwìrì wò, wọ́n tọ ipasẹ̀ ìrìn wọn láti ilé, títí kan ibi tí wọ́n kọ́kọ́ yà sí kí a tó darí wọn lọ síbòmíràn. Wọ́n sì rí i pé ìṣirò àtijọ́, tó gbà pé ọkọ̀ ń sáré bí òfin ìrìnnà ṣe kọ ọ́, ń fojú kéré àkókò tí obìnrin ń lò lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò àwọn ilé ìwòsàn tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ ìbímọ lóòótọ́ ní àwọn ìlú ńlá 15 ní Nàìjíríà, wọ́n gba àkókò ìrìn láti ọ̀dọ̀ Google ní oríṣiríṣi wákàtí àti ọjọ́, wọ́n sì gbé e sórí máàpù tó ń fèsì, tí aláṣẹ lè fi béèrè pé àwọn aboyún àdúgbò wo ni kò lè dé ilé ìwòsàn ìjọba láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé.

Irú iṣẹ́ yìí yẹ Rẹ́mọ gan-an, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Benin, níbi tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Sagamu Interchange. Ọ̀nà kan náà tó ń gbé aláìsàn lọ sí OOUTH kíákíá lọ́jọ́ tó bá dá ni ó ń di ògiri lọ́jọ́ tí tírélà bá ṣubú nítòsí Ògèrè, tí àwọn tó farapa níbẹ̀ fúnra wọn sì nílò ilé ìwòsàn kan náà. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà inú ìlú láti Ìpẹ́rù gba Ìlíṣàn lọ sí Babcock lè yá ju ọ̀nà ńlá lọ. Àwọn ọlọ́kadà àti onímáàrúwà mọ èyí. Ìmọ̀ wọn ni a kò tíì kọ sílẹ̀ níbì kankan, ó sì tó kí a pè wọ́n jókòó kí a kọ ọ́.

Kì í ṣe ilé ìtọ́jú nìkan ló yẹ kí ó wà lórí máàpù. Ní 2025, ilé iṣẹ́ ìròyìn The Examination àti ìwé ìròyìn The New York Times gbé ìwádìí jáde lórí Ògìjó, ìlú tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù lójú ọ̀nà Ìkòròdú, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ àtijọ́ kí wọ́n lè rí òjé inú rẹ̀ tà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé òjé ti wọ ara ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti ará àdúgbò náà, tọmọdé tàgbà. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí a lè pè ní aláìléwu. Nàìjíríà ti rí irú ibi bẹ́ẹ̀ rí ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010, níbi tí òjé inú òkúta wúrà ti pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Bí a bá gbé ìpele ilé iṣẹ́, ìpele ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìpele kànga àti ìpele ilé ìlera tó lè gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò òjé lé ara wọn lórí Ògìjó, ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń fi ẹnu sọ nípa èéfín àti eruku dúdú yóò di ohun tí aláṣẹ kò lè gbójú fò. Ìwọ̀n ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé èéfín lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ìgbà òjò náà yẹ níbẹ̀. Bóyá kò sí apá Rẹ́mọ tí máàpù yìí lè ṣe lóore kíákíá tó bẹ́ẹ̀.

Ààbò àṣírí ni ohun tí kò gbọdọ̀ fì sẹ́yìn. Máàpù ìlera kò gbọdọ̀ di máàpù aláìsàn. Bí a bá fi àmì sí ilé ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí kòkòrò HIV ní ìlú tí kò tóbi, bí Ìrolú, kò sí ìdí láti kọ orúkọ kí gbogbo ìlú tó mọ ẹni náà. Kódà nọ́ńbà lásán, bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì fún wọ́ọ̀dù kan, lè tú u fó. Òfin Ìlera ti 2014 fi dandan mú pípa àṣírí aláìsàn mọ́, Òfin Ààbò Ìsọfúnni ti ọdún 2023 sì ka ìsọfúnni ìlera sí èyí tó gba ìṣọ́ra ju ti ìyókù lọ. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé kí wọ́n kó iye jọ fún odindi wọ́ọ̀dù tàbí ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n sì kọ “kò tó márùn-ún” níbi tí iye bá ti kéré jù. Ilé ààbò tí àwọn obìnrin tí wọ́n lù nílé ń sá sí kò yẹ lórí máàpù gbangba rárá. Nọ́ńbà fóònù tí wọ́n lè pè ni kí ó wà níbẹ̀.

Ìbéèrè mìíràn ni bóyá ó yẹ kí ilé àbíyè àti agbẹ̀bí ìbílẹ̀ wà lórí rẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí ìjọba bá ṣàmì sí wọn, yóò dà bí ìfọwọ́sí. Ṣùgbọ́n níbi tí àwọn obìnrin ti ń bímọ ni wọ́n ti ń bímọ, yálà máàpù gbà tàbí ó kọ̀, ìwádìí 2018 yẹn náà sì fi hàn pé ìdá 39 péré nínú ọgọ́rùn-ún ìbímọ ní Nàìjíríà ló wáyé ní ilé ìwòsàn. Ó sàn kí wọ́n wà lórí ìpele tí àwọn òṣìṣẹ́ nìkan lè rí, kí a so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ilé ìlera tó súnmọ́ ọn jù àti nọ́ńbà fóònù ẹni tí yóò pè bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ bọ́ sórí.

Owó kíkọ́ máàpù kò pọ̀ tó owó títọ́jú rẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tí a nílò wà lọ́fẹ̀ẹ́: QGIS fún yíya ìpele, ODK fún gbígba ìsọfúnni sórí fóònù níbi tí kò sí nẹ́tíwọ̀kì, OpenStreetMap tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004 fún títì àti ilé. Ohun tó ń pa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé àjọ tó gbé owó wá a kó ẹrù rẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, àmì orí máàpù a sì máa sọ ohun tó jẹ́ òótọ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn pẹ̀lú ìdánilójú kan náà tó fi ń sọ ti òní. Nítorí náà, kí gbogbo àmì máa gbé ọjọ́ tí a yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, kí ó sì pàwọ̀ dà di eérú bí oṣù mẹ́ta bá ti kọjá láìsí ẹni tó débẹ̀. Ẹni tó rí àwọ̀ eérú yóò mọ̀ pé kí òun kọ́kọ́ pe fóònù.

Kò sí ìdí láti gba òṣìṣẹ́ tuntun fún èyí. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kó fọ́ọ̀mù olóṣooṣù jọ ní Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìṣarà ti ń bá gbogbo ilé ìlera sọ̀rọ̀ lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè mẹ́rin péré ni a ó fi kún fọ́ọ̀mù náà: ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru, ṣé oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró wà, ṣé fíríìjì àjẹsára ń ṣiṣẹ́, ṣé iye owó tí a kọ sílẹ̀ ṣì ni wọ́n ń gbà. Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù, tí ìyálọ́jà, ìmáàmù, pásítọ̀ àti olórí ọ̀dọ́ máa ń wà nínú rẹ̀, yóò ka ìdáhùn náà sókè níbi ìpàdé wọn, nítorí pé àwọn ni wọ́n mọ̀ bí nọ́ọ̀sì bá kọ ohun tí kò sí. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tẹ máàpù wọ́ọ̀dù wọn sórí bébà ńlá, ní Yorùbá, àti ní Haúsá fún àwọn ará Sábó, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ìlera, ọjà àti gáréèjì, kí wọ́n sì yọ ti oṣù tó kọjá kúrò.